Lẹ́tà ṣíṣí sí Ẹgbẹ́ Amòfin Oòduà: kí owó ìrànwọ́ dé kí Law School tó ti ìlẹ̀kùn

Sí ẹ̀yin àgbà wa nínú iṣẹ́ òfin, ẹ̀yin ọ̀gá mi ní Ẹgbẹ́ Amòfin Oòduà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìdúró ti ọmọ Yorùbá. Agbẹjọ́rò ni mo jẹ́ ní Ìbàdàn, ọ́fíìsì mi kò jìnnà sí kóòtù Ìyágankú. Mo lè kọ̀wé yìí ní bòókẹ́lẹ́ kí n fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan àwọn òbí tí kò sí nínú ẹgbẹ́ wa, tí wọn ò sì ní jókòó sí ìpàdé wa láéláé. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ síta, tí mo sì fi èdè tí a jọ ń sọ kọ ọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò gùn. Ẹ dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti gba LL.B., oyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ òfin, tí wọn ò rí owó Law School san, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí wọ́n tó di agbẹjọ́rò. Kí owó náà sì jáde kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ ọ̀nà náà. Ọdún márùn-ún ni ní fásitì, tàbí mẹ́rin fún ẹni tó gba ọ̀nà direct entry wọlé, láìka ìyanṣẹ́lódì. Lẹ́yìn náà ni Law School. Ẹni tó parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn máa ṣe háúsù jọ́ọ̀bù, wọ́n á sì máa san owó fún un bó ṣe ń ṣe é. Ẹni tó parí ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ á lọ ṣe àgùnbánirọ̀, ìjọba á máa fún un ní aláwì. Ní ti ọmọ tó ka òfin, ọjọ́ tí àwọn òbí rẹ̀ rò pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ owó ilé-ìwé gan-an ni a ó sọ fún wọn pé ó ku owó kan, òun ló sì wúwo jù nínú gbogbo owó tí wọ́n ti ń san bọ̀, bó bá jẹ́ fásitì ìjọba lọmọ náà lọ. Ní sáà 2023/2024, owó náà fò láti ₦296,000 sí ₦476,000. Ẹ tún fi súùtù dúdú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, bàtà dúdú, ìwé, kọ̀ǹpútà àti oúnjẹ kún un. Ẹ fi owó ọkọ̀ kún un, nítorí ọmọ Ìṣẹ́yìn lè rí i pé Yola ni wọ́n pín òun sí, ọmọ Ìkìrun lè bá ara rẹ̀ ní Bagauda ní Kano, tàbí Yenagoa, tàbí Agbani ní ìpínlẹ̀ Enugu. Nígbà tó bá sì di àsìkò tí wọ́n ń rán wọn lọ sí kóòtù àti ọ́fíìsì agbẹjọ́rò láti lọ kọ́ṣẹ́, owó ọkọ̀ ojoojúmọ́ tún dé.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan wọ ọ́fíìsì mi. Ó ti kàwé parí ní fásitì ìjọba kan, orúkọ rẹ̀ sì ti jáde nínú àwọn tí fásitì náà fi ránṣẹ́ sí Law School. Ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà. Ó yọ ìwé owó tó yẹ kó san láti inú ọ̀rá, ó ti ká a sí mẹ́rin kí òjò má bàa pa á. Ní ẹ̀yìn ìwé náà ló ti fi bírò kọ ìṣirò rẹ̀: àjọ tí ìyá òun kó, ₦120,000, owó tí ìyá òun yá ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ₦150,000, ẹ̀gbọ́n tó wà ní Èkó, ₦50,000, fóònù, ₦35,000. Ó fi àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ fóònù náà. Mo bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ó ní òun kò tíì rí ẹni tó máa rà á ni, ọ̀rẹ́ òun ní kì í ṣe owó yẹn ló yẹ é mọ́ torí ojú rẹ̀ ti fọ́. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ó ṣì ku ₦121,000 kó tó pé ₦476,000. Ojú ìkànnì ìsanwó máa tì ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ó wá sọ fún mi pé áàpù kan lórí fóònù ti ṣèlérí láti yá òun ní ìyókù. Ẹ̀yin náà mọ irú owó tí mò ń sọ. Gbọ́mú-lé-lántà làwọn ìyá ọjà ń pè é. Bí ọjọ́ bá pé tí ẹ ò san, wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ èébú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù yín, títí kan pásítọ̀ àti àna. Ọmọ tó fẹ́ di agbẹjọ́rò, tó ń lọ síbi tí wọ́n ti máa kọ́ ọ nípa ìwà ọmọlúwàbí nínú iṣẹ́, òun ni a fẹ́ jẹ́ kó gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi díẹ̀ dá owó náà jọ lọ́jọ́ kejì, ó sì san án. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n inú mi kò balẹ̀, nítorí ọmọ tó mọ ọ̀nà ọ́fíìsì mi nìkan la ràn lọ́wọ́. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ ṣe kíláàsì, tó dáńgájíá jù ú lọ gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ, kò rí ẹni pè. Ojú ìkànnì tì mọ́ ọn. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kan ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní báyìí. Ẹ sì mọ̀ pé iye ọmọ tí Council of Legal Education, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó Law School, fọwọ́ sí fún fásitì kọ̀ọ̀kan lọ́dún ní gbèdéke, nítorí náà ẹni tí tirẹ̀ bá kọjá kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ààyè máa ṣí sílẹ̀ fún òun lọ́dún tó tẹ̀lé e.

Ẹnì kan lè sọ pé sikọ́láṣíìpù ṣáà pọ̀ ní Nàìjíríà. Ó pọ̀ lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo ń ṣe nídìí Agbami, ibi tí wọ́n ti ń wa epo nínú òkun, orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, Medical and Engineering Professionals Scholarship, ti sọ pé ti ìṣègùn àti ẹ̀rọ ni. Èyí tí MTN Foundation ń ṣe fún sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ọmọ tó ń ka òfin kò sí níbẹ̀. Chevening ti ìjọba Bírítéènì dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ti oyè másítà ní ìlú òyìnbó ni, wọ́n sì fẹ́ kí èèyàn ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì. Ẹni tí kò tíì rí Law School wọ̀ kò tíì dé ibẹ̀. Àwọn sikọ́láṣíìpù mìíràn tó gba ọmọ tó ń ka òfin, púpọ̀ nínú wọn ló kọ ọ́ síwájú fọ́ọ̀mù wọn pé akẹ́kọ̀ọ́ fásitì tí kò tíì gboyè ni àwọn ń wá. Ọjọ́ tí ọmọ bá gba LL.B., ó ti bọ́ kúrò nínú ìyẹn. Kò tíì di agbẹjọ́rò, kì í sì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ fásitì mọ́. Àárín méjèèjì yìí ni kò lólùrànlọ́wọ́.

Ìjọba ìpínlẹ̀ mélòó kan ní owó bọ́sárì, ìyẹn owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, fún àwọn ọmọ wọn tó wà ní Law School, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ti gbà á rí. Ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́tà ìgbaniwọlé, ìwé ẹ̀rí pé o ti forúkọ sílẹ̀, àkáǹtì, NIN, gbogbo rẹ̀ ni ọmọ náà máa kó sílẹ̀. Ẹ wo ẹ̀kẹta yẹn dáadáa: ìwé ẹ̀rí pé o ti forúkọ sílẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé o gbọ́dọ̀ ti rí owó san kí o tó lè tọrọ owó tí o fẹ́ fi san án. Mo mọ ẹni tó jẹ́ pé ó ti gba wíìgì tán, ó ti wà ní kóńpù àgùnbánirọ̀, kí bọ́sárì rẹ̀ tó wọlé. Ó wúlò fún un láti fi san gbèsè, n kò sọ pé kò wúlò. Àmọ́ owó tó bá dé báyẹn, ọmọ tó ti rí ẹni yá a lówó nìkan ló ń ràn lọ́wọ́. Ẹni tí kò rí ẹni yá a kò sí nínú orúkọ mọ́ rárá.

Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ yìí tún ní ibi tó ti ń dùn mí. Ọmọ Okun láti Kàbà, ìpínlẹ̀ Kogí ló máa bá sọ̀rọ̀. Ọmọ Ìgbómìnà láti Òmù-Àrán, Kwara ni. Ọmọ tí wọ́n bí ní Agége, tó dàgbà ní Agége, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ìlá Ọ̀ràngún, Èkó á sọ fún un pé kó lọ sí Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun á ní ta ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ẹgbẹ́ yín kò mọ ààlà yẹn. Ibi tí Yorùbá bá wà lẹ wà. Ìdí rèé tí mo fi kọ̀wé sí yín, tí n kò kọ ọ́ sí gómìnà kankan.

Ní ti àwa agbẹjọ́rò fúnra wa, a kì í ṣe ahun. Lọ́dọọdún ni ẹ̀bùn ń jáde ní Law School fún àwọn tó mókè jù: ẹni tó mọ ẹjọ́ ọ̀daràn jù, ẹni tó mọ òfin ilẹ̀ àti ilé jù, obìnrin tó ṣe dáadáa jù. Orúkọ àwọn ọ̀gá wa tó jẹ́ SAN, àwọn agbẹjọ́rò àgbà, àti àwọn ilé-iṣẹ́ òfin ńláńlá ló wà lára àwọn ẹ̀bùn yẹn. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, kí a má sì dá a dúró. Ṣùgbọ́n gbogbo owó yẹn ń lọ sọ́wọ́ ẹni tó ti kọjá odò. Bí SAN kan bá yọ ìdá kan nínú ohun tó ń ná lórí ẹ̀bùn ọjọ́ náà, tó sì gbé e lọ sí ọ̀sẹ̀ ìforúkọsílẹ̀, ọmọ kan wọlé nìyẹn.

Kì í ṣe nǹkan àjèjì ni mò ń dá lábàá. Ní 1938, ẹgbẹ́ àwọn Ibibio dá owó láàárín ara wọn, wọ́n sì fi rán ọmọ mẹ́fà lọ kàwé lókè òkun. Udo Udoma wà nínú wọn. Ó ka òfin ní Dublin, ó di Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè Uganda, ó sì tún padà wá jókòó ní Kóòtù Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà. Àgbẹ̀ àti oníṣòwò ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dá owó yẹn. Àwọn bàbá tiwa náà, nígbà tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1945, tí wọ́n sì gbé e wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1948, sikọ́láṣíìpù fún ọmọ Yorùbá wà lára ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé àwọn fẹ́ ṣe. Gani Fawẹ̀hìnmi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1961 láti ka òfin. Bàbá rẹ̀ kú ní 1963, owó dáwọ́ dúró, ó sì gbálẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kó tó parí. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ eku ìdà, ó ń fún àwọn ọmọ aláìní ní sikọ́láṣíìpù lọ́dọọdún, kò sì bi wọ́n léèrè ẹ̀yà wọn. Law School wa yìí fúnra rẹ̀, òfin ọdún 1962 ló bí i, kí ọmọ wa má bàa máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba mọ́ kó tó lè di agbẹjọ́rò. Wọ́n gé ọ̀nà kúrú fún wa. Kò yẹ kí owó tún sọ ọ́ di gígùn padà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa dárúkọ NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. NELFUND dára, mo sì ń sọ fún gbogbo ọmọ tó bá bi mí pé kó lò ó. Òfin rẹ̀ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin 2024 ti mú kó rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ: kò sí èlé lórí rẹ̀, owó ilé-ìwé ń lọ tààrà sí ilé-ìwé, ₦20,000 sì ń wọlé lóṣù fún owó ìtọ́jú. Ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni sísan rẹ̀ padà bẹ̀rẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá NELFUND àti Council of Legal Education jókòó, kí ètò ọjọ́ wọn bára mu, kí ẹ̀yáwó fún ọmọ Law School máa balẹ̀ nígbà tí ojú ìkànnì ìsanwó ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ̀yin lẹ ní ohùn tí wọ́n á gbọ́. Ṣùgbọ́n kí a má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀yáwó ìjọba. Ẹni tó ti fi ẹ̀yáwó ka LL.B. ti ní gbèsè lọ́rùn. Iye tí púpọ̀ nínú wa ń san fún agbẹjọ́rò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba wíìgì ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, ní Àkúrẹ́, ojú ń ti èmi náà láti kọ ọ́ síbí.

Bí mo ṣe rí àpò owó náà nìyí. Ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ Part F nínú òfin rẹ̀, CAMA 2020, kí ó ní àwọn alábòójútó tí gbogbo ayé mọ̀, kí wọ́n sì máa gbé ìṣirò owó jáde lọ́dọọdún. Kí owó má gba ọwọ́ ọmọ kọjá, kó lọ tààrà sí àkáǹtì Law School. Kó máa ṣiṣẹ́ bíi ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àfi pé kò ní èlé: ẹni tó jàǹfààní, tó bá ti ń rówó, á máa dá a padà díẹ̀díẹ̀, kí ẹlòmíràn lè rí i lò. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọmọ tí ẹ bá san owó rẹ̀ lónìí ló máa san ti ọmọ-ọmọ ẹlòmíràn.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀ yín jù ni bí ẹ ṣe máa yan àwọn ọmọ náà. Ẹ má fi í sí orí ẹni tó gba first class nìkan. Ọmọ tó gba first class, olùkọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, fásitì mọ̀ ọ́n, ọ́fíìsì ńlá ní Èkó ti lè máa wá a. Ọmọ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni èyí tó gba second class lower nítorí pé ó ń ta káàdì ìpè, ó ń ṣe léṣìn fún ọmọ ọlọ́mọ ní alẹ́, ó ń bá ìyá rẹ̀ gbé ọjà ní ọjọ́ Sátidé, tó sì yege síbẹ̀. Àwọn olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin ní UI, OAU, UNILAG, LASU, OOU, AAUA àti EKSU mọ àwọn ọmọ yìí. Ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ ránṣẹ́ nígbà tí ọmọ bá wà ní ọdún tó kẹ́yìn, kí a má dúró di ọ̀sẹ̀ tí ilẹ̀kùn fẹ́ tì.

Ẹ tún ya ojú ìwé kan ṣoṣo sọ́tọ̀, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ máa kọ gbogbo ìrànwọ́ tó wà sí: ìpínlẹ̀ wo ló ń san bọ́sárì, ìgbà wo ló ń ṣí, ìwé wo ni wọ́n ń béèrè. Òwò àwọn oníjìbìtì ló ń gbèrú nítorí àìsí irú rẹ̀. Ẹ̀yin òbí tó ń ka lẹ́tà yìí, ẹni tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù kí ọmọ yín tó gba sikọ́láṣíìpù, ẹ sá fún un. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá parí. Láti ọdún kẹta ni kí ẹ ti wo bóyá orúkọ tó wà lórí JAMB yín bá ti NIN àti BVN mu. Létà kan tó yàtọ̀ ti dá owó ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ nígbà tí ẹ bá lọ sílé fún ọdún, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ tí wọ́n ń béèrè rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín, sí ṣọ́ọ̀ṣì yín, sí àwọn tó ń pín sàká ní mọ́ṣáláṣí yín, kí ẹ sì kọ iye tó kù gan-an sínú rẹ̀, nítorí ẹni tó bá rí iye tó kù máa ń tètè yọ owó ju ẹni tí a kàn ní kó ṣe ìrànlọ́wọ́ lọ.

Ẹ̀yin àgbà wa, nígbà tí ìbò ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà bá ń bọ̀, mo ti rí bí ẹ ṣe ń pera yín jọ láti Èkó títí dé Ìlọrin, tí ẹ ó jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú kí ohùn Yorùbá lè jẹ́ ọ̀kan. Irú ìjókòó yẹn kan ṣoṣo ti tó fún ohun tí mo ń tọrọ. Mo ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Ìyágankú sọ̀rọ̀. A ti fohùn ṣọ̀kan pé àwa máa san owó ọmọ kan ní ọdún àkọ́kọ́, ní ọjọ́ tí ẹ bá ti ṣí àkáǹtì náà, a ó sì máa ṣe iṣẹ́ ìwé rẹ̀ ní CAC láìgba kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sínú ètò ìpàdé yín tó ń bọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí a mọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kí a gbé ìwé náà wá.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Agbẹjọ́rò kan ní ẹ̀ka Ìbàdàn